Omi Àwo Màámi àti Pọ́ǹpù Alọgbẹ́

Ohùn pọ́ǹpù tó ń kó ìgbẹ́ kúrò nínú ilé orí táyà tí mò ń gbé ni mo kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó mọ ohun mìíràn nípa rẹ̀. Bí ìgbẹ́ àti omi bá ń gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa, ohùn rẹ̀ máa ń wúwo, á máa kùn bí àgbàlagbà tó ń hanrun lọ́sàn-án. Bí inú táǹkì bá ti gbẹ, ohùn náà á ṣàdédé lọ sókè, á tínrín, á máa han bí ẹ̀fọn létí. Ìgbà yẹn ni kí ẹ pa á, kíákíá, torí rọ́bà tó wà nínú rẹ̀ kì í pẹ́ jó bí kò bá sí omi tó ń mú un tutù. Ẹni yòówù kó pè mí lórí fóònù lásìkò náà, títí kan Màámi, á ní sùúrù.

Nọ́ọ̀sì ni mí, irú èyí tí wọ́n ń pè ní travel nurse ní Amẹ́ríkà. Ilé ìwòsàn tí òṣìṣẹ́ kò tó sí á gba èèyàn fún ọ̀sẹ̀ 13, kóńtíráàtì á parí, èèyàn á sì palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ sí ìlú mìíràn. Iṣẹ́ náà dára, owó rẹ̀ kò sì burú, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ya ilé fún ẹni tó máa lo oṣù mẹ́ta péré? Àwọn tó bá gbà, iye tí wọ́n ń pè á mú kí èèyàn tún un rò. Ìdí nìyí tí àwa kan fi ra RV, ilé orí táyà. Tèmi kò ní ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ mi ló ń fà á. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 24. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, sítóòfù gáàsì, fíríìjì, àti balùwẹ̀ tí ìgúnpá mi méjèèjì ń kan ògiri rẹ̀ bí mo bá fẹ́ fọ ẹ̀yìn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi han Màámi lórí WhatsApp, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé inú mọ́lúè lo wá ń gbé nílùú òyìnbó ni?”

Táǹkì mẹ́ta ló wà lábẹ́ ilé náà. Ọ̀kan ń gba omi tó mọ́, 40 gálọ́ọ̀nù, bíi lítà 150. Èkejì ń gba omi ìwẹ̀, omi ìfọwọ́ àti omi tí a fi fọ àwo. Táǹkì eléérú ni àwọn ará ibí ń pè é nítorí àwọ̀ omi náà. Ẹ̀kẹta ni ti ìgbẹ́. Dúdú ni wọ́n ń pè é, ẹnikẹ́ni kò sì bèèrè ìdí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú méjì tó kẹ́yìn yìí gba 30 gálọ́ọ̀nù, bíi lítà 113. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu, èmi tí mo dàgbà nínú ilé tó ní sókáwéè, ni pé kò sí ohun tó ń lọ síbì kankan. Èèyàn á ṣe tán, á tẹ omi sí i, ó wọlé, kò sì ju abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ó ń dúró dè é níbẹ̀. Wọ́n ní bí ẹni tó ṣu bá gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Nínú RV, ẹnìkan náà ni àwọn méjèèjì.

Bí wọ́n ṣe ń kó o kò le, bí ilẹ̀ bá ti gbà. Họ́ọ̀sì ńlá kan wà tó ká kọ́rọkọ̀rọ bí ìfun ẹran, inú rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 3. Ẹ ó kọ́ orí rẹ̀ kan mọ́ ẹnu táǹkì, ẹ ó ti èkejì bọ ihò tó wà nílẹ̀ nínú ọgbà tí wọ́n ń gbé RV sí, ẹ ó fa fáàfù tó dí ẹnu táǹkì, ohun gbogbo á sì ṣàn lọ. Kò sí iná, kò sí ẹ̀rọ. Gbogbo ìmọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ kò ju pé kí ihò rẹlẹ̀ ju táǹkì lọ. Ọdún méjì ni mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀ láìronú nípa rẹ̀.

Kóńtíráàtì tó gbé mi dé Hill Country ní Texas ló dá wàhálà sílẹ̀. Àpáta àti òkè ló pọ̀ jù lágbègbè náà, ọgbà RV tó sún mọ́ ibi iṣẹ́ mi sì ti kún. Tọkọtaya Ìjẹ̀bú kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n wá gbé e sẹ́yìn ilé àwọn. Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pe ọkọ, Àǹtí ni mò ń pe ìyàwó. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. A kọ́kọ́ lọ bi àwọn aláṣẹ ìlú léèrè, torí ibì kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ lórí sísùn nínú RV lọ́gbà onílé àti dída ohun inú rẹ̀ sí páìpù ilé, wọ́n ní kò burú. Ó wá ku bí yóò ṣe dé inú páìpù náà.

Ẹ̀gbẹ́ òkè ni ilé wọn wà. Ibi kan ṣoṣo tó tẹ́jú tí RV lè dúró sí wà nísàlẹ̀ ọgbà. Ẹnu páìpù tó wọ inú sókáwéè wọn wà lókè lẹ́bàá ògiri kíṣíìnì. Ẹsẹ̀ bàtà 60 ló fi jìnnà sí mi, ó sì ga jù mí lọ tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Ìgbẹ́ kì í gun òkè. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ya táǹkì oníke kan tó ní táyà, irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ fà, mo kó omi táǹkì eléérú sínú rẹ̀. 15 gálọ́ọ̀nù ló ń gbà. Gálọ́ọ̀nù omi kan wúwo tó kílò 3.8, nítorí náà kílò 57 ni mò ń fà gun òkè lẹ́yìn iṣẹ́ wákàtí 12. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, Ẹ̀gbọ́n jáde sí mi.

“Àbúrò, ṣé bí o ṣe máa ṣe é fún oṣù mẹ́ta nìyí?”

“Rárá, sà. Mo ti ra ẹ̀rọ kan, ó wà lọ́nà. Á máa lọ̀ ọ́, á sì máa tì í gòkè wá bá yín.”

“Á máa lọ kí ni?”

“Ìgbẹ́, sà.”

Ẹ̀gbọ́n dákẹ́. Àǹtí ló pariwo láti ojú fèrèsé kíṣíìnì: “Bí ẹ̀rọ ìlọta?” Àtìgbà yẹn ló ti ń jẹ́ Alọgbẹ́.

Àfiwé Àǹtí kò sì jìnnà sóòótọ́. Mọ́tò kékeré kan ni, tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé. Iná 12 vólì tó ń ti bátìrì RV wá ló ń lò: wáyà pupa síbí, wáyà dúdú sọ́hùn-ún, ó tán. Ọ̀bẹ wà níwájú irin tí mọ́tò náà ń yí, òun ló ń gé ohun tó bá ń bọ̀ wẹ́wẹ́. Àjẹ̀ kékeré kan tí wọ́n fi rọ́bà ṣe wà lẹ́yìn ọ̀bẹ, òun ló ń fa ohun náà wọlé tó sì ń tì í síwájú. Ohun tó nílò họ́ọ̀sì ínǹṣì 3 tẹ́lẹ̀ á wá di ọbẹ̀ ṣíṣàn tó ń gba họ́ọ̀sì ínǹṣì kan kọjá, á sì gun òkè. Bí ọ̀nà bá dán, tèmi ń gbé tó 12 gálọ́ọ̀nù láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀ ojú omi ń lo irú rẹ̀. Ní Faransé, ilé iṣẹ́ SFA ti ṣe èyí tó wà fún inú ilé jáde láti ọdún 1958, Sanibroyeur, kí èèyàn lè ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbi tó rẹlẹ̀ ju páìpù lọ. Èmi kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ìgbẹ́ rẹ̀ ní láti gòkè.

Ọjọ́ Sátidé la kọ́kọ́ tàn án. Mo wọ ìbọ̀wọ́ méjì léra. Mo gbé garawa sábẹ́ ẹnu táǹkì kí n tó ṣí ìdérí rẹ̀, torí mi ò tíì rí fáàfù tí kì í jò díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n lọ dúró lókè, wọ́n ti orí họ́ọ̀sì bọ ẹnu páìpù, wọ́n sì gbé bíríkì lé e. Bíríkì yẹn ló gba gbogbo wa. Nígbà tí mo tan pọ́ǹpù, afẹ́fẹ́ inú họ́ọ̀sì kọ́kọ́ jáde, ó jàn bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ká ní kò sí bíríkì, ògiri kíṣíìnì Àǹtí ì bá ti yí àwọ̀ padà. Lẹ́yìn èyí, ohùn náà wúwo. Ó ń kùn. Mo fọwọ́ kan họ́ọ̀sì, mo gbọ́ bó ṣe ń lọ lábẹ́ ìka mi. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ohùn náà fi gòkè, mo pa á. Ẹ̀gbọ́n na àtàǹpàkò sí mi láti òkè. Mo rò pé mo ti mọ gbogbo rẹ̀.

Mo wá tú họ́ọ̀sì kúrò lẹ́nu pọ́ǹpù.

Ẹni tó bá mọ ìṣirò ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Họ́ọ̀sì ínǹṣì kan tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 60 ń gba gálọ́ọ̀nù méjì àti ààbọ̀ sínú, bíi lítà 9. Pọ́ǹpù ti dúró, ṣùgbọ́n ohun inú họ́ọ̀sì kò tíì dé òkè, ọ̀dọ̀ mi ló sì mọ̀ pé ìsàlẹ̀ wà. Ó padà wá. Ó bá mi nínú bàtà Crocs tí mo fi ń ṣiṣẹ́.

Àwọn kan máa ń rò pé nọ́ọ̀sì kì í kórìíra ìgbẹ́. Òótọ́ díẹ̀ ni. Mo ti gbé póò lábẹ́ aláìsàn fún ọdún 19, mo lè wo ìgbẹ́ kí n sọ fún yín bóyá ẹ̀jẹ̀ wà nínú ikùn ẹni tó ṣu ú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni ìyẹn, ti aláìsàn ni, ó sì ní fáìlì tí mò ń kọ ọ́ sí. Tèmi tó wà nínú bàtà mi yìí, mi ò mọ inú fáìlì tí mo máa kọ ọ́ sí. Mo dúró. Ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ ọmọlúàbí, yíjú sí ọ̀nà mìíràn. Àǹtí kò yíjú. Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò náni ju dọ́là díẹ̀ lọ: ẹnu ẹ̀rọ kékeré oníke kan tó ṣeé ṣí tó sì ṣeé tì, tí èèyàn ń so sáàárín pọ́ǹpù àti họ́ọ̀sì. Kí ẹ tó pa pọ́ǹpù, ẹ ti fi omi ọṣẹ táǹkì eléérú ṣan inú họ́ọ̀sì. Lẹ́yìn tí ẹ bá pa á, ẹ ti ẹnu ẹ̀rọ náà, ẹ wá tú u, ẹ gbé ìdí họ́ọ̀sì sókè, kí ẹ máa rìn lọ sí ẹnu páìpù bí ẹni tó ń fa okùn kànga, kí gbogbo rẹ̀ lè ṣàn wọ ibi tó yẹ kó lọ. Ìgbẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fà, kí omi ọṣẹ tẹ̀lé e. Ẹni tó bá yí i padà á lo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà láti máa fọ họ́ọ̀sì.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò ní ṣàwàdà lórí rẹ̀. Họ́ọ̀sì tó bá ti gbé ìgbẹ́ rí kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu kan ẹ̀rọ omi mímu láé, ì báà ṣe lẹ́ẹ̀kan, kódà bí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ títí. Àwọ̀ tèmi yàtọ̀ sí ti omi mímu, ibi tí mò ń kó wọn sí yàtọ̀, mo sì ń fi búlíìṣì nu ẹnu ẹ̀rọ lóde ní gbogbo ìgbà tí mo bá parí. Mo ti tọ́jú ẹni tí àìsàn inú omi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, nílé àti níbí. Ìgbẹ́ àti omi kò gbọdọ̀ jọ mu nínú ife kan náà.

Nígbà tí mo ròyìn bàtà fún Màámi, wọn kò rẹ́rìn-ín bí Àǹtí. Wọ́n ní mo rán àwọn létí agbépóò. Èkó ni Màámi ti ṣọmọdé kí wọ́n tó kó lọ sí Ìbàdàn. Òru ni àwọn ọkùnrin náà máa ń wá, wọ́n á fi aṣọ bo ojú, wọ́n á gba ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́yìn ilé, wọ́n á gbé garawa tó kún, wọ́n á fi òfìfo sípò rẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún gbogbo ọmọdé pé kí wọ́n má bú agbépóò, torí bí ẹnìkan bá bú u, ńṣe ló máa gbé ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀ síwájú ilé ẹni náà, á sì bá tirẹ̀ lọ. Màámi ní àwọn kò rí i kó ṣẹlẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ dán an wò. Ohun tó dùn mí nínú ìtàn náà ni aṣọ tó bo ojú. Ọkùnrin náà mọ ilé gbogbo èèyàn, kò sẹ́ni tó mọ ojú rẹ̀. Ìgbà tó yá ni Isaac Durojaiye, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Ọ̀túnba Gaddafi, wá fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alágbèéká ti ilé iṣẹ́ rẹ̀, DMT, ṣòwò ní gbangba, tó jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ dún, tó jẹ́ kí àwọn èèyàn rí ojú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn nítorí ìyẹn nìkan.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo jókòó láti sọ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Òkè-Àdó ní Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ mi. Yàrá mẹ́jọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, kànga á gbẹ dé ìsàlẹ̀, okùn á lọ títí, garawa á mú ẹrẹ̀ bọ̀. Àwa ọmọ á gbé kẹ́ẹ̀gì, ó di ilé ẹni tó ní omi. Màámi ń fi abọ́ wọn omi fún wa: abọ́ kan fún ojú àti ẹnu, mẹ́ta fún ara, kò sì sí àfikún fún ẹni tí ọṣẹ bá kù sí létí. Mo ti kúrò ní Ìbàdàn láti ọdún 2004, ṣùgbọ́n ara mi kò tíì kúrò nínú abọ́ yẹn. Bí ẹ̀rọ omi bá ń ṣàn tí ẹnikẹ́ni kò dúró tì í, àyà mi máa ń já.

Nínú RV, mo rò pé ìwà yìí ni yóò mú mi yege. Páátó ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ omi sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́, omi púpọ̀ á wọlé, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, omi díẹ̀. Èmi ń tẹ̀ ẹ́ fíìn, mo ti gbẹ́sẹ̀ kúrò. Mo ṣírò ohun tí mò ń lò: bí gálọ́ọ̀nù 7 lójúmọ́ ló ń lọ sínú táǹkì eléérú, nítorí náà ó ń kún ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Ṣùgbọ́n táǹkì dúdú! Gálọ́ọ̀nù kan péré lójúmọ́, ìgbẹ́, ìtọ̀ àti omi pọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò tíì kún. Mo ń fi yangàn fún àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi tó ń gbé inú RV bíi tèmi. Wọ́n wò mí bí ẹni tó sọ pé òun kò tíì yí epo ẹ́ńjìnnì padà rí.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹta, mo so Alọgbẹ́ mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n wà lókè, bíríkì wà níbẹ̀, mo fa fáàfù, mo tàn án. Ohùn náà wúwo fún nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú, ó gòkè. Mo pa á. Mo wo iná tó ń fi ìwọ̀n táǹkì hàn: ó ní ó ṣì kún dé ìdajì. Mo tún tàn án. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kùn, kò han. Ó ṣe hùn-ùn lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tí wọ́n fi òkúta lé láyà, ó dákẹ́. Fíúùsì ti jó.

Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo tẹ páátó, mo wo inú ihò ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Màá sọ ohun tí mo rí nítorí pé ẹ ti bá mi dé ibí. Òkè ni mo rí. Òkè gidi, tó ní orí ṣóńṣó, ọ̀gangan abẹ́ ihò náà. Gbogbo ohun tí mo ti tẹ omi fíìn sí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, orí ara wọn ni wọ́n ti ń kó jọ. Ìwọ̀nba omi tó wà níbẹ̀ yí i ká ní ìsàlẹ̀, òun ni pọ́ǹpù fà lọ. Òkè náà kò mì.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi ìdí tí kò fi ṣẹlẹ̀ sí mi rí fún ọdún méjì, àti ìdí tó fi rọrùn ní Sátidé àkọ́kọ́ yẹn. Tẹ́lẹ̀, mi ò kì í da táǹkì dúdú láìjẹ́ pé mo ti fa RV rìn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n ti bá mi rin ọ̀nà jíjìn. Kòtò ojú títì ti gbọ̀n ọ́n, ó ti po ó bí ẹni tó ń po ẹ̀kọ. Ọ̀nà ló ń bá mi ṣe iṣẹ́ omi, mi ò mọ̀. Ìgbà tí RV dúró sójú kan ni ìwà ahun mi tó hàn.

Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí. Mo da omi gbígbóná díẹ̀ sí i, mo da omi tútù lé e títí táǹkì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, mo jẹ́ kó rẹ. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ní kí n da yìnyín sínú rẹ̀ kí n wa ọkọ̀ kiri kí yìnyín lè fọ̀ ọ́. Lójú tèmi, yìnyín ń léfòó, ìdọ̀tí wà nísàlẹ̀. Wọn ò ní pàdé. Omi àti sùúrù ni mo fi lé e. Mo rí ọ̀pá kékeré kan rà tó ń fọ́n omi lórí, mo gba inú ihò náà tì í wọlé, mo fi ń gún òkè yẹn bí ẹni tó ń gún iyán, ojú mi kúrò níbẹ̀.

Pọ́ǹpù ńkọ́? Mo yọ wáyà rẹ̀ kúrò lórí bátìrì. Ojú ihò kan wà lẹ́yìn mọ́tò náà tí wọ́n ṣe kí súkúdíráfà lè wọ̀ ọ́, kí èèyàn fi ọwọ́ yí i bó bá há. Mo yí i, ó kọ̀. Mo wá tú iwájú rẹ̀, kí n wo ọ̀bẹ. Irun ló wé mọ́ ọn. Irun gígùn, dúdú, tó dán, tó lọ́ mọ́ irin náà yíká yíká bí òwú lára kẹ̀kẹ́ ìránṣọ. Mo rò ó wò: ìgbẹ́ ta ni irun wà nínú rẹ̀? Mo wá rántí ọjọ́ tí mo jókòó sórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà, torí kò sí àga mìíràn níwájú dígí, tí mo fi wákàtí mẹ́ta tú irun orí mi. Àtáṣímẹ́ǹtì ni. Àwọ̀ nọ́ńbà 1B. Mo fi àlùmọ́gàjí gé e kúrò díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ tó lè lọ ohun gbogbo tó ti inú èèyàn jáde, kò lè lọ ohun tí èèyàn so mọ́ orí. Bébà ìnùdí tó ń tètè yọ́ nínú omi nìkan ló yẹ kó tẹ̀lé ìgbẹ́ wọbẹ̀. Àwọn ìnuwọ́ olómi tí wọ́n kọ sára páálí wọn pé ó lè wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ má gbà wọ́n gbọ́.

Màámi ló wá pè lálẹ́ ọjọ́ kẹta. Mo rò fún wọn. Wọ́n ní:

“Omi wo lo fi ń ṣan án?”

“Omi ẹ̀rọ, mà.”

“Omi tó mọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìdí tí mo fi ń ṣọ́ ọ lò nìyẹn. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi.”

“Èmi kọ́ ọ kẹ̀? Ìgbà wo ni mo fún ọ lómi tó mọ́ láti fi ṣan ìgbẹ́? Omi àwo rẹ ńkọ́?”

Mo dákẹ́. Garawa dúdú kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa ní Òkè-Àdó. Omi tí wọ́n fi fọṣọ, omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì, omi tí wọ́n fi fọ àwo, inú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ẹni tó bá ti inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jáde á bu nínú rẹ̀ kún inú garawa kékeré, á dà á lẹ́ẹ̀kan náà, gbàà! Màámi ń fi abọ́ wọn omi ojú wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kì í fi abọ́ wọn ti ìgbẹ́. Ìdajì ẹ̀kọ́ ni mo gbé wá sí Amẹ́ríkà. Mo fi ìdajì yòókù sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì, mo gbé bésìnì sínú síǹkì. Omi àwo kò wọ táǹkì eléérú mọ́, inú ihò dúdú ni mò ń dà á sí, bíi gálọ́ọ̀nù méjì lójúmọ́. Ẹ wo bí ìṣirò náà ṣe yí padà. Táǹkì eléérú tó ń kún ní ọjọ́ mẹ́rin wá ń tó ọjọ́ mẹ́fà. Táǹkì dúdú ń kún ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n ó ń kún fún omi, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ń léfòó, ó ń rọ̀. Omi tó mọ́ tí mò ń lò kò fi ẹ̀kán kan pọ̀ sí i. Bí mo bá sì ti fà á tán, kí n tó lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà rárá, mo máa ń da gálọ́ọ̀nù mẹ́ta sí i kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má gbẹ. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Mi ò rò pé ẹni tó pa òwe yẹn ní táǹkì dúdú lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó bá a mu.

Ẹ̀gbọ́n bi mí bóyá mò ń da kẹ́míkà sí i, irú èyí tó ń lé òórùn. Mi ò dà á. Inú sókáwéè wọn ni ohun gbogbo ń lọ, kòkòrò àìfojúrí ló sì ń jẹ ìgbẹ́ níbẹ̀. Formaldehyde, tó wà nínú díẹ̀ lára àwọn kẹ́míkà wọ̀nyẹn, máa ń pa kòkòrò náà, bí Izal tí a ń da sínú ṣáláńgá nílé ṣe ń pa wọ́n. Òórùn náà kò sì tó nǹkan bí omi bá ti pọ̀. Ohun tó ń rùn jù ni òkè tí mo kọ́ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ 13 ti ń parí lọ. Ní Sátidé tó kọjá, a fà á fún ìgbà tó kẹ́yìn ṣìkejì. Àǹtí ló dúró lókè lọ́tẹ̀ yìí torí Ẹ̀gbọ́n lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n gbé bíríkì méjì. Ohùn náà kùn fún ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀ láìyẹsẹ̀, mo ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ rédíò. Lálẹ́, mo jẹ ọbẹ̀ ẹja àrọ̀ tí Àǹtí fi ránṣẹ́, mo fọ àwo, Màámi wà lórí fídíò, fóònù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì. Mo gbé bésìnì, ó di ẹnu ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

“Dúró ná,” Màámi ní. “Ọbẹ̀ ẹja yẹn, ṣé o ti yọ egungun kúrò nínú omi náà?”

“Mo ti yọ ọ́, mà.”

“Tún un wò.”

Mo gbé bésìnì sílẹ̀, mo ti ọwọ́ bọ inú omi tó dọ̀tí náà, mo wá a kiri. Mẹ́ta ló ṣì wà níbẹ̀.